Paris–Roubaix Femmes

Paris–Roubaix Femmes ni ìje kẹ̀kẹ́ ojú títì fún àwọn obìnrin tó fi kẹ̀kẹ́ gígùn ṣiṣẹ́ jẹun, ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń sá a, ní àríwá ilẹ̀ Faransé. Láti Denain ni wọ́n ti ń gbéra, inú pápá kẹ̀kẹ́ André-Pétrieux ní ìlú Roubaix ni wọ́n ń parí ẹ̀ sí. Pẹ̀lú orúkọ tó ń jẹ́ yìí, wọn ò dé Paris rárá (àwọn ọkùnrin gan-an, Compiègne ni wọ́n ti ń gbéra láti 1977). ASO, iléeṣẹ́ tó ń ṣe Tour de France, ló ń ṣètò ẹ̀, ó sì wà lára àwọn ìdíje UCI Women's WorldTour, ọ̀wọ́ ìdíje àwọn obìnrin tó ga jù lọ, lábẹ́ UCI, àjọ tó ń darí eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀

Ti ọkùnrin ti wà láti 1896. Ti obìnrin, 2020 ni wọ́n ní àwọn máa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, kòrónà dé, wọ́n sún un síwájú, wọ́n tún sún un, kó tó wá di pé wọ́n sá a ní ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá 2021. Gígùn ẹ̀ nígbà yẹn jẹ́ kìlómítà 116.4, nígbà tó máa fi di 2024 ó ti di 148.5.

Òkúta

Òkúta ló sọ eré yìí di nǹkan. Àwọn ọ̀nà oko àtijọ́ ni, tí wọ́n fi òkúta gbígbẹ́ tò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kò sí ọ̀dà níbẹ̀, àlàfo wà láàárín wọn, àwọn kan ti rì, àwọn kan yọrí síta, àárín ọ̀nà ga, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì rẹlẹ̀, tí òjò bá rọ̀ ó di ẹrẹ̀, tí oòrùn bá ràn ó di eruku. Wọ́n pín in sí apá-apá. Ní 2021, apá 17 ni, gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ kìlómítà 29.2. Láti ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń ka nọ́ńbà wọn wá, kí ẹni tó ń sá a lè mọ iye tó kù, wọ́n sì ń fún wọn ní ìràwọ̀, láti orí ọ̀kan dé márùn-ún, bó bá ṣe le sí. Méjì péré ló ní ìràwọ̀ márùn-ún lójú ọ̀nà àwọn obìnrin: Mons-en-Pévèle, tó gùn tó kìlómítà 3, àti Carrefour de l'Arbre, kìlómítà 2.1, tó jẹ́ pé nígbà tí wọ́n bá máa fi débẹ̀ ó ti rẹ kálukú. Igbó Arenberg táwọn ọkùnrin ń gbà, tí gbogbo ayé ń pariwo ẹ̀, kò sí nínú tàwọn obìnrin láti 2021 dé 2025.

Ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Les Amis de Paris–Roubaix ló ń tọ́jú àwọn òkúta yìí, wọ́n á hú èyí tó ti bàjẹ́, wọ́n á tún un tò.

Ẹni tó mọ̀ ọ́n gùn kì í di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú gírígírí, á jẹ́ kó máa jó lábẹ́ òun, jíà ńlá ló máa fi sí, á sì máa wa pẹ́dà lọ láìdúró, torí tó bá dúró pẹ́nrẹ́n, òkúta á bẹ̀rẹ̀ sí í ta á sọ́tùn-ún sósì. Ṣùgbọ́n ó jọ pé wàhálà tó pọ̀ jù ti máa ń ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó dórí òkúta ọ̀hún: gbogbo tíìmù ló fẹ́ kọ́kọ́ wọlé, ọ̀nà sì máa fún lójijì, tẹ́nì kan bá ṣubú níwájú, ẹni ogójì tó wà lẹ́yìn ẹ̀ á dúró, wọn ò sì lè bá àwọn tó ti lọ mọ́.

Táyà àti afẹ́fẹ́

Táyà kẹ̀kẹ́ ìje láyé àtijọ́ kì í sábà ju mìlímítà 23 tàbí 25 lọ. Ní Roubaix báyìí, 30 sókè ni ọ̀pọ̀ ń lò, èyí tí kò ní túùbù, tí wọ́n da omi àlẹ̀mọ́ kan sínú ẹ̀ tó ń dí ihò kéékèèké fúnra ẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló wá le jù. Tó bá pọ̀ jù, kẹ̀kẹ́ á máa ta pọ́ún pọ́ún, táyà ò ní di ilẹ̀ mú; tó bá kéré jù, òkúta á gba inú táyà lu rímù, rímù á sán. Ẹni tó sanra àtẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ ò lè lo iye kan náà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lọ dán an wò lórí òkúta fúnra ẹ̀ ṣáájú ọjọ́ ìje. Lọ́jọ́ náà, tíìmù á kó èèyàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà pẹ̀lú wíìlì lọ́wọ́, torí mọ́tò wọn lè há sẹ́yìn.

Àwọn tó ti gbà á

Lizzie Deignan, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gba ti 2021. Òjò ti rọ̀, òkúta ń yọ̀. Ó ku bíi kìlómítà 82, wọn ò tíì dé apá òkúta àkọ́kọ́ ní Hornaing pàápàá, ló ti já síwájú, òun fúnra ẹ̀ sì sọ lẹ́yìn náà pé kì í ṣe ètò tí àwọn ṣe nìyẹn. Ní apá òkúta Camphin-en-Pévèle wíìlì ẹ̀yìn ẹ̀ yọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gbá a padà, kò ṣubú. Marianne Vos ti Nẹ́dálándì lé e títí, síbẹ̀ ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá 17 ló fi wà lẹ́yìn ẹ̀. Deignan ò wọ ìbọ̀wọ́, ìgbà tó máa fi bọ́ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti wà lára ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ẹ̀.

Elisa Longo Borghini ti Ítálì dá wọlé lóun nìkan ní 2022. Ní 2023, àwọn kan tètè já síwájú, àwọn ògbóǹtarìgì tó kù lẹ́yìn ò sì lè bá wọn mọ́, Alison Jackson ti Kánádà ló yára jù nínú wọn, ó bọ́ sílẹ̀, ó sì jó ijó. Lotte Kopecky ti Bẹ́ljíọ̀mù gba ti 2024 nígbà tó ṣì wọ ẹ̀wù tí wọ́n ń fún ẹni tó bá gba ìdíje àgbáyé. Ní 2025 ni Pauline Ferrand-Prévot gbà á, ọmọ Faransé àkọ́kọ́ tó máa gba Paris–Roubaix, lọ́kùnrin lóbìnrin, látìgbà tí Frédéric Guesdon ti gbà á ní 1997.

Ẹ̀bùn

Òkúta kan náà ni wọ́n fi ń ṣe ife ẹ̀yẹ ẹ̀. Ti owó, yúrò 1,535 ni Deignan gbà ní 2021, ọkùnrin tó gba tiwọn lọ́jọ́ kejì gba 30,000, ariwo sì pọ̀ lórí ẹ̀; Trek-Segafredo, tíìmù Deignan, fowó tiwọn kún un kó lè dọ́gba.