Kí ni GI? Bí Áírìṣì ṣe ń yára di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀

Láti ìgbà tí dókítà ti sọ fún màámi pé ṣúgà ara wọn ti ń gòkè ni wọ́n ti fi iyán sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí àwa ará Àkúrẹ́ ṣe fẹ́ràn iyán tó á mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré. Ọ̀dùnkún òyìnbó tí wọ́n ń kó ti Jos wá sí Ọjà Ọba, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Áírìṣì, ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Wọ́n ń sè é láàárọ̀, wọ́n ń sè é lálẹ́, ọkàn wọn sì balẹ̀. Èmi ni ọkàn mi kò balẹ̀, torí ohun tí wọ́n ń pè ní GI.

GI, ìyẹn glycaemic index, ni nọ́ńbà tó ń sọ bí oúnjẹ kan ṣe ń yára gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè. David Jenkins àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Toronto, ní Kánádà, ló gbé e jáde ní 1981. Wọ́n á fún èèyàn ní oúnjẹ tí gíráàmù 50 nínú rẹ̀ lè di ṣúgà, wọ́n á máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún wákàtí méjì, wọ́n á wá fi wé ohun tí gúlúkóòsì lásán, ìyẹn ṣúgà gan-an fúnra rẹ̀, ṣe. Gúlúkóòsì ló gba 100. Oúnjẹ tí kò ju 55 lọ rọra ń wọlé. Èyí tó bá tó 70, eré ló ń bá wọlé. Áírìṣì tí a sè sábà máa ń wà ní nǹkan bíi 78. Ẹ̀wà sábà máa ń rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Kúkúǹdùkú tiwa ńkọ́? Bí a bá sè é, ó rẹlẹ̀ ju Áírìṣì lọ. Bí a bá sun ún, ó lè ga jù ú lọ.

Ọjọ́ orí ló mú kí ọ̀rọ̀ yìí jẹ mí lógún. Iṣan ara, ìyẹn ẹran ara tó ń jẹ́ ká lè rìn ká sì gbé nǹkan, ń gba púpọ̀ nínú ṣúgà tó wọlé lẹ́yìn oúnjẹ. Bí a ṣe ń dàgbà ni iṣan ń dín kù, ínsúlínì, èròjà ara tó ń mú ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, kì í sì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bíi ti ìgbà èwe mọ́. Ṣúgà tó yára dé á wá pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ má bú Áírìṣì. Ó ní pòtásíọ́ọ̀mù, ó ní fítámì C. Ẹ wo bí ẹ̀kọ ṣe máa ń dì bó bá tutù: apá kan nínú Áírìṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, ìfun kì í sì í tètè rí i tú. Ìdí nìyí tí èyí tó ti tutù fi ń rọra wọlé ju èyí tó ń gbóná lọ.

GI nìkan kò sì tó. Kò sọ iye tí a bù sínú àwo, kò sì sọ ti òróró. Áírìṣì tí wọ́n dín lè ní GI tó rẹlẹ̀ ju èyí tí wọ́n sè lọ, ṣùgbọ́n ìwádìí tí BMJ, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ̀ jáde ní 2025, lórí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó lé ní 200,000 ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé bí èèyàn bá ń jẹ èyí tí wọ́n dín lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, ewu àtọ̀gbẹ rẹ̀ ń fi nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 ga sí i. Wọn kò rí irú ewu bẹ́ẹ̀ kedere lára èyí tí wọ́n sè tàbí tí wọ́n sun.

Ní báyìí, ẹyọ Áírìṣì méjì kéékèèké ni màámi ń jẹ, pẹ̀lú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ tó kún àwo, wọ́n á sì rìn yí àdúgbò ká lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá ń lo oògùn ṣúgà tàbí abẹ́rẹ́ ínsúlínì, ẹ kọ́kọ́ sọ fún dókítà yín kí ẹ tó dín oúnjẹ kù, torí ṣúgà tó bá já wálẹ̀ jù náà léwu.