Bí Ọ̀pọ̀ Ẹni Mímọ́ Ṣe Ń Pàdé Lọ́jọ́ Kan Ṣoṣo

Ọkùnrin mẹ́ta ló wà ní ogúnjọ́ oṣù Kìíní lórí kàlẹ́ńdà Ìjọ Àgùdà ní Nàìjíríà. Fabian, tó jẹ́ Póòpù ní Róòmù, kú ní ọdún 250 nígbà tí Késárì Decius gbé inúnibíni dìde sí àwọn Kristẹni. Sebastian, ẹni tí àwọn ayàwòrán máa ń yà tòun ti ọfà lára, Róòmù kan náà lòun náà ti jẹ́rìí kú. Ẹni kẹta ni Cyprian Michael Iwene Tansi, ọmọ Ígbò láti Aguleri, fáda tó wá di mọ́ńkì, tó sì kú sí ilé ìwòsàn ní Leicester, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1964. Ẹnikẹ́ni kò pa Tansi. Àárín òun àti Fabian lé ní 1,700 ọdún. Kí ló wá kó wọn jọ sójú kan?

Ọjọ́ ikú ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ọjọ́ tí ẹni mímọ́ fi ayé sílẹ̀ ni Ìjọ ń ṣírò, kì í ṣe ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ bí i. Èyí kò ṣàjèjì sí wa, ọjọ́ tí olóògbé papò dà ni ẹbí ń kà tí wọ́n bá fẹ́ ṣe ìrántí. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé orúkọ tí àwọn Kristẹni ìgbà náà fún ọjọ́ ikú ajẹ́rìíkú ni ọjọ́ ìbí, torí lójú tiwọn, ọjọ́ náà ni wọ́n bí i sí ọ̀run. Nígbà tí wọ́n pa Polycarp, bíṣọ́ọ̀bù Smyrna, ní nǹkan bí àárín ọ̀rúndún kejì, àwọn ará ìjọ rẹ̀ kọ lẹ́tà pé àwọn kó egungun rẹ̀ jọ síbi tó yẹ, àti pé ibẹ̀ làwọn yóò ti máa péjọ lọ́dọọdún láti ṣe ọjọ́ ìbí ajẹ́rìíkú náà. Ẹni mẹ́ta péré ni wọ́n ń ṣe ọjọ́ ìbí wọn gan-an nínú kàlẹ́ńdà Róòmù: Jésù, Màríà ìyá rẹ̀, àti Jòhánù Onítẹ̀bọmi.

Ohun méjì ni ìjọ wá gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa ajẹ́rìíkú kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ tó kú àti ibi tí wọ́n sin ín sí, kí àwọn èèyàn lè mọ ibojì tí wọn yóò gbà lọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ìwé àkọsílẹ̀ kan tí wọ́n ṣe ní Róòmù ní 354 kò ní ju nǹkan méjèèjì yìí lọ. Fabian àti Sebastian ti jọ wà ní ogúnjọ́ oṣù Kìíní nínú rẹ̀, ti ẹnì kìíní ní ibi ìsìnkú Callistus, ti ẹnì kejì ní ibi tí wọ́n ń pè ní Catacumbas. Ibojì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọjọ́ kan náà. Ayálégbé inú ilé kan ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọmọ ìyá.

Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra, ṣùgbọ́n ojú kàlẹ́ńdà kò tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 365 ló wà, orúkọ tó sì wà nínú ìwé ńlá tí Róòmù ń kọ àwọn ẹni mímọ́ sí jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Kò sí ọjọ́ kan nínú ọdún tí kò ní ju ẹni kan lọ. Nítorí náà, tí a bá gbọ́ pé ẹni mímọ́ méjì ń pín ọjọ́, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ṣé ayálégbé ni wọ́n àbí ọmọ ilé kan?

Àwọn tó jẹ́ ọmọ ilé kan ní òótọ́ ni àwọn tó jọ kú. Perpetua àti Felicity ni àpẹẹrẹ tó yé èèyàn jù. Ní Carthage, ní ilẹ̀ tó ń jẹ́ Tùnísíà lónìí, ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹta ọdún 203, wọ́n ju àwọn àtàwọn ará wọn fún ẹranko ẹhànnà ní gbàgede eré. Perpetua jẹ́ ọmọ nǹkan bí ọdún 22, ọmọ ìdílé ńlá, ó ní ìkókó lọ́wọ́. Ẹrú ni Felicity, ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ikú rẹ̀ ló bímọ sínú ẹ̀wọ̀n. Olówó àti ẹrú, ìyá ìkókó méjèèjì. Saturus, Saturninus àti Revocatus wà pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n orúkọ obìnrin méjèèjì ló dúró. Bákan náà ni ti àwọn ọmọ ogun Sebaste ní nǹkan bí ọdún 320, tí wọ́n fi sílẹ̀ ní ìhòòhò sójú adágún dídì. Ìtàn wọn ní ọ̀kan nínú wọn yẹsẹ̀, tí ẹ̀ṣọ́ kan sì bọ́ aṣọ tirẹ̀ láti rọ́pò rẹ̀, kí iye wọn má bàa dín ní ogójì.

Ti àwọn ajẹ́rìíkú Ùgáńdà gba àlàyé díẹ̀, torí wọn kò kú lọ́jọ́ kan náà. Joseph Mukasa Balikuddembe, olórí àwọn ìránṣẹ́ ààfin, ni wọ́n kọ́kọ́ pa nínú àwọn ọmọ Àgùdà, ní ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá ọdún 1885, lẹ́yìn tó bá Kabaka Mwanga, ọba Buganda, wí lórí pípa tí wọ́n pa bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà, James Hannington. Denis Ssebuggwawo àti Andrew Kaggwa kú ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 1886. Jean-Marie Muzeeyi ló kẹ́yìn, ní oṣù Kìíní 1887. Bí wọ́n bá fi ọjọ́ ikú kálukú ṣe é, wọn ì bá fọ́n káàkiri ọdún ni. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà 1886, tó bọ́ sí ọjọ́ Ìgòkè-re-ọ̀run, wọ́n sun Charles Lwanga àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ààfin níná ní Namugongo. Ọjọ́ iná ńlá yẹn ló fa gbogbo ìyókù mọ́ra. Nígbà tí Póòpù Paul VI kéde àwọn ọmọ Àgùdà 22 tí wọ́n pa náà ní ẹni mímọ́ ní 1964, ọjọ́ yẹn ló di tiwọn lápapọ̀.

Ohun tó tún jinlẹ̀ níbẹ̀ ni pé àwọn Áńgílíkà 23 ni wọ́n kà mọ́ àwọn tí wọ́n pa lásìkò yẹn. Iná tó jó wọn ní Namugongo kò bi wọ́n bóyá Àgùdà ni wọ́n tàbí Áńgílíkà. Ìjọ méjèèjì ló ń ṣe ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà, ojúbọ ìrántí méjì ló wà ní Namugongo, ìjọba Ùgáńdà sì fi ọjọ́ náà ṣe ìsinmi. Àwọn ìjọ tí kò tíì jọ jẹun lórí tábìlì Olúwa kan náà ń jọ pín òkú kan náà.

Ìlànà kan náà, pé kí wọ́n mú orúkọ ẹnì kan tàbí méjì síwájú kí ìyókù tẹ̀ lé e, ni wọ́n lò fún ilẹ̀ Éṣíà. Andrew Kim Taegon, Paul Chong Hasang àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Kòríà, 103 ni wọ́n, ogúnjọ́ oṣù Kẹsàn-án. Andrew Dung-Lac àtàwọn tiẹ̀ ní Vietnam, 117, ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá. Inúnibíni tó pa wọ́n gba ọ̀pọ̀ ọdún, ọjọ́ tí wọ́n yàn fún wọn kò sì lè jẹ́ ọjọ́ ikú gbogbo wọn. Ó rọrùn láti ka orúkọ méjì nínú àdúrà ju 103 lọ, òótọ́ ni, àmọ́ ó bani nínú jẹ́ díẹ̀ pé “àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn” ni ọ̀pọ̀ ń jẹ́ títí láé.

Nígbà míì, ilé ló ń mú wọn pọ̀. Àpọ́sítélì Fílípì àti Jákọ́bù ń pín ọjọ́ kan torí pé ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún ni wọ́n ya ilé ìjọsìn tí wọ́n kó egungun wọn sí ní Róòmù sí mímọ́. Wọn kò ṣe é lọ́jọ́ yẹn mọ́. Ní 1955, Póòpù Pius XII fún Jósẹ́fù òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ náà, ìyẹn ọjọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àgbáyé ti gbà mọ́wọ́ tipẹ́, wọ́n sì sún àwọn àpọ́sítélì méjèèjì sí ọjọ́ 11. Ní 1969 wọ́n tún dá wọn padà sẹ́yìn, sí ọjọ́ 3.

Sísún yìí gan-an ni kálukú yóò bá pàdé tó bá wo kàlẹ́ńdà dáadáa. Wọ́n bẹ́ Cyprian, bíṣọ́ọ̀bù Carthage, lórí ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án ọdún 258. Ọjọ́ 14 ti jẹ́ ti Àgbélébùú Mímọ́, àjọ̀dún Olúwa sì ju ti ìránṣẹ́ lọ. Ọjọ́ 16 ni Cyprian ń gbé báyìí, pẹ̀lú Póòpù Cornelius, ẹni tó ń bá kọ lẹ́tà nígbà ayé wọn, tó kú sí ìgbèkùn ní 253. Paul Miki àtàwọn 25 tí wọ́n kàn mọ́ àgbélébùú ní Nagasaki ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì 1597 wà ní ọjọ́ 6, torí Agatha, ajẹ́rìíkú ayé àtijọ́, ti wà ní ọjọ́ 5 kí wọ́n tó bí baba ńlá wọn.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni àgbà ń borí ṣá. Thomas Aquinas, ọ̀mọ̀wé ńlá nínú ẹ̀kọ́ Ìjọ, kú ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹta 1274, ọjọ́ Perpetua àti Felicity gan-an, ó sì gbajúmọ̀ débi pé ó bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ní 1908, wọ́n sún obìnrin méjèèjì sí ọjọ́ 6. Àtúnṣe kàlẹ́ńdà ti 1969 ló dá ilé wọn padà fún wọn, Thomas sì kó lọ sí ọjọ́ 28 oṣù Kìíní, ọjọ́ tí wọ́n gbé egungun rẹ̀ dé Toulouse ní 1369. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ló kọ́kọ́ débẹ̀, ní 1,071 ọdún ṣáájú rẹ̀.

Àtúnṣe yẹn náà ló kan Cosmas àti Damian, ìbejì oníṣègùn tí ìtàn sọ pé wọn kò gbowó lọ́wọ́ aláìsàn. Ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ni tiwọn látijọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ni Vincent de Paul kú ní 1660, ni wọ́n bá fún wọn ní ọjọ́ 26. Àwọn ará Brazil kò sún. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀ ti rí Ìbejì nínú àwọn méjèèjì, ọjọ́ 27 ni wọ́n sì ṣì ń se carurú ní Bahia, ilá tí wọ́n fi epo pupa àti edé gbígbẹ sè. Ọmọdé méje ni yóò kọ́kọ́ jẹ nínú rẹ̀ kí àgbà tó fọwọ́ kàn án.

Àwọn ẹni tí a kò mọ orúkọ wọn ńkọ́? Àwọn náà ní ọjọ́ tiwọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún keje, Póòpù Boniface IV ya Pantheon, tó jẹ́ ilé òrìṣà Róòmù, sí mímọ́ fún Màríà àti gbogbo ajẹ́rìíkú, ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún. Nígbà tó di ọ̀rúndún kẹsàn-án, ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ti gbilẹ̀ ní Yúróòpù fún gbogbo ẹni mímọ́. Àwọn ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì kò bá wọn dé oṣù Kọkànlá rárá, Sunday tó tẹ̀ lé Pẹ́ńtíkọ́sì ni wọ́n ń ṣe tiwọn.

Tí ọjọ́ bá wá pé, kí ni fáda máa ń ṣe? Bí wọ́n bá jẹ́ ọmọ ilé kan, Mísà kan ni, àdúrà kan tó dárúkọ wọn papọ̀, aṣọ pupa tí wọ́n bá jẹ́ ajẹ́rìíkú, funfun tí wọn kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ ayálégbé bíi Fabian àti Sebastian, tí ìrántí wọn kò pọn dandan, ọ̀kan ṣoṣo ni yóò yàn. Kò gbọdọ̀ da wọ́n pọ̀. Ó tilẹ̀ lè fi àwọn méjèèjì sílẹ̀, kó ṣe Mísà ọjọ́ lásán. Tí ogúnjọ́ oṣù Kìíní bá sì bọ́ sí Sunday, bó ṣe rí ní 2019, Sunday ló ni ọjọ́, ìrántí wọn di ọdún tó ń bọ̀.

Àfi ní Rio de Janeiro. São Sebastião do Rio de Janeiro ni orúkọ ìlú náà ní kíkún, Sebastian sì ni alábòójútó rẹ̀, nítorí náà àjọ̀dún ńlá ni tiẹ̀ níbẹ̀, tó ju Sunday lásán lọ. Wọ́n á gbé ère rẹ̀ kiri ìgboro, àwọn tó ń bọ òrìṣà nílùú yẹn á sì máa kí Ọ̀ṣọ́ọ̀sì lọ́jọ́ kan náà, torí ọfà.