Ibi Tí Yanrìn Èkó Ti Wá

Ẹni tó bá dúró sí etí ọ̀sà ní Bàríga láàárọ̀ kùtù yóò rí àwọn ọkọ̀ ìgbòkun tó ń bọ̀ láti àárín omi. Àpò àti tapólì ni wọ́n rán pọ̀ ṣe ìgbòkun wọn, yanrìn sì kún inú wọn débi pé omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá etí ọkọ̀ dọ́gba. Àwọn awayanrìn ló ń wà á. Wọ́n á ri àkàbà mọ́lẹ̀ nínú ọ̀sà, ọ̀kan nínú wọn á di korobá irin mú, á mí kanlẹ̀, á tẹ̀ lé àkàbà náà wọ ìsàlẹ̀ lọ. Ẹ ó retí rẹ̀ títí, àyà yín á máa já, kó tó yọrí pẹ̀lú korobá tó ń ro omi. Bíríkìlà ni bàbá mi, mo sì ti ń bá wọn lọ ra yanrìn níbẹ̀ láti kékeré. Lọ́jọ́ kan mo bi wọ́n pé ta ló ń kó yanrìn sí ìsàlẹ̀ ọ̀sà tí kì í fi í tán. Wọ́n ní, “Odò ni. Odò Ògùn ló ń rù ú wá láti òkè.”

Bàbá mi kò ka ìwé púpọ̀, ṣùgbọ́n bí mo ti ń ka ohun táwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ kọ sí i ni ọ̀rọ̀ wọn ń fìdí múlẹ̀ sí i lójú mi. Ọ̀rọ̀ náà ni mo fẹ́ gbè lẹ́yìn níbí.

Ẹ rìn láti Bàdágìrì dé Ẹ̀pẹ́, ẹ kò ní rí àpáta kan ṣoṣo tó yọrí nílẹ̀. Yanrìn, amọ̀ àti ẹrẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ yanrìn kì í hù bí olú. Ọmọ òkúta ni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìyá rẹ̀, kó gba ọ̀nà Abẹ́òkúta. Níbẹ̀ ni Olúmọ wà, láti ibẹ̀ títí dé ìhà Ṣakí tí odò Ògùn ti ṣẹ̀, ilẹ̀ àpáta ni. Púpọ̀ nínú àwọn gíránáìtì tó wà lọ́hùn-ún ti tutù di líle láti nǹkan bíi mílíọ̀nù 600 ọdún sẹ́yìn. Ohun mẹ́ta ló pọ̀ jù nínú wọn: feldspar, máíkà àti quartz. Òjò àti oòrùn a máa sọ feldspar di amọ̀. Máíkà a máa bó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ìpẹ́ ẹja. Quartz nìkan ni kò gbà fún wọn. Á jáde wóró wóró, àgbàrá á gbé e sódò, odò á gbé e sọ́sà. Òun la ń fi dá búlọ́ọ̀kù.

Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ yanrìn ọ̀sà, ẹ sá a kó gbẹ, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí ìwé ìròyìn. Èyí tó pọ̀ jù á funfun tàbí kó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn kan á máa dán wínníwínní, máíkà nìyẹn. Ẹ wá mú òòfà inú sípíkà àtijọ́, kí ẹ fà á gba orí rẹ̀ kọjá: wóró dúdú kéékèèké á fò mọ́ ọn, á dúró ṣánṣán bí irun. Irin ni, inú àpáta lòun náà ti wá. Nínú irú wóró wúwo bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti ń ṣa zircon, òkúta kékeré tí uranium inú rẹ̀ ń yí padà di òjé díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá wọn méjèèjì, wọn á mọ ọjọ́ orí rẹ̀, wọn á sì mọ irú àpáta tó bí i. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n fi ń tọpa yanrìn káàkiri ayé lónìí.

Ọ̀rọ̀ náà gan-an, yanrìn, mo máa ń gbọ́ “rìn” nínú rẹ̀. N kò lè fi ìwé gbè é, àwọn onímọ̀ èdè sì lè ní kò rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kò sí ohun tó rìn tó o: láti ìhà Ṣakí wá sí Abẹ́òkúta, láti Abẹ́òkúta wá sí Àgbòyí, kó tó jókòó sínú ọ̀sà. Yemọja ló ni odò Ògùn, Olókun ló sì ń gba gbogbo odò lálejò. Àwọn baba wa ti mọ ibi tí ẹrù náà ń lọ.

Níbí ni mo fẹ́ fi ìtàn Odùduwà sí. Omi ló bo gbogbo ayé, wọ́n fi ẹ̀wọ̀n rọ̀ kalẹ̀, wọ́n da yẹ̀pẹ̀ sórí omi, àkùkọ tàn án ká, ilẹ̀ sì fẹ̀. Ilé-Ifẹ̀ ló ni ìtàn náà, n kò bá wọn dù ú. Ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ àpáta ni Ifẹ̀ wà. Ta ló kọ́kọ́ rí i pé yẹ̀pẹ̀ tí a dà sórí omi lè di ilẹ̀ tí èèyàn ń gbé? Èrò tèmi ni pé ẹni tó ti fojú ara rẹ̀ rí i létí ọ̀sà ló mú ọ̀rọ̀ náà gòkè lọ: pé ní ọdún yìí omi ni, ní ọdún mélòó kan sí i yanrìn ti yọ, koríko ti hù, ẹyẹ ti ń jẹ̀ lórí rẹ̀. Èèyàn kò lè rí irú rẹ̀ lórí àpáta.

Kí odò tó lè rù ú wá, ibi tó máa kó o sí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà. Alfred Wegener, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Jámánì, ló sọ ọ́ lọ́dún 1912 pé ilẹ̀ Áfíríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà ti lẹ̀ mọ́ra rí, wọ́n sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Gbogbo ayé ló ti gbà fún un báyìí. Ó lé ní mílíọ̀nù 100 ọdún tí ilẹ̀ náà ti ya, ojú ibi tó ti ya sì ni etíkun wa. Àríwá ìlà-oòrùn Bràsíìlì ni ará àdúgbò wa nígbà náà. Mo máa ń ronú kan àwọn Àgùdà tó ti Bràsíìlì padà wá sí Èkó ní nǹkan bí 150 ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí Pópó Àgùdà. Òkun tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ là kọjá kò sí níbẹ̀ rí. Ibi tó ya náà rì, ó di agbada ńlá, àwọn odò sì bẹ̀rẹ̀ sí í da ẹrù sí i. Òkun náà wọlé láwọn ìgbà kan. Ní Ewékorò, níbi tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ǹtì láti 1960, ìkarahun ẹran omi òkun wà nínú òkúta ẹfun ibẹ̀, ó sì ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 60 ọdún. Ẹ wo bó ṣe jẹ́ pé sìmẹ́ǹtì wa ti inú òkun wá, tí yanrìn wa ti orí òkè wá.

Lẹ́yìn náà ni ìgbà òtútù ńlá dé. Ní nǹkan bí 20,000 ọdún sẹ́yìn, yìnyín bo apá òkè ayé, omi òkun sì fà sẹ́yìn títí ó fi lọ sílẹ̀ ní nǹkan bíi mítà 120. Ẹ fọkàn yàwòrán rẹ̀: kò sí ọ̀sà, kò sí Etí Ọ̀sà, kò sí erékùṣù kankan. Ibi tí ọkọ̀ òkun ń dúró sí lónìí tó ń retí àyè ní Àpápá, ilẹ̀ gbígbẹ ni, odò Ògùn á sì máa ṣàn gba ibẹ̀ lọ bá òkun níbi tó sá lọ. Ṣé èèyàn wà níbẹ̀? Lọ́dún 1965, Thurstan Shaw, onímọ̀ nípa ohun àtijọ́, wú egungun èèyàn jáde nínú ihò kan ní ìpínlẹ̀ Òndó tí wọ́n ti ń kọ sínú ìwé pé Iwo Eleru. Ihò Eléérú ni orúkọ rẹ̀ tó tọ́. Egungun náà ti lé ní 11,000 ọdún, nígbà tí òkun kò tíì gòkè dé ibi tó wà báyìí. Bí èèyàn bá wà nínú igbó lọ́hùn-ún, kí ni kò ní jẹ́ kí wọ́n wá pẹja létí odò wa? Mo gbà pé wọ́n wá. Ààrò wọn ń bẹ lábẹ́ òkun.

Yìnyín yọ́, òkun gòkè padà, nígbà tó fi máa di nǹkan bí 7,000 ọdún sẹ́yìn ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi tó wà. Ìgbì bẹ̀rẹ̀ sí í to yanrìn jọ bí ògiri, omi tó há sẹ́yìn ògiri náà sì di ọ̀sà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébísí Ṣówùnmí ti Yunifásítì Ìbàdàn yẹ ilẹ̀ tí wọ́n fà jáde ní Ahanve, lápá Bàdágìrì, wò ní ìpele ìpele, ó ń wá àtíkè òdòdó tó ti sin sínú rẹ̀. Ó rí i pé ẹ̀gbà, igi tí gbòǹgbò rẹ̀ ń dúró bí ẹsẹ̀ nínú omi iyọ̀, gbilẹ̀ níbẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, ó sì dédé pòórá ní nǹkan bí 3,000 ọdún sẹ́yìn. Lójú tèmi, yanrìn ló dí ọ̀nà mọ́ omi iyọ̀.

Àwọn kan ní odò Volta ní Ghana ni yanrìn wa ti wá. Ìgbì ń ti yanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti etí òkun nìyẹn, bíríkìlà tó mọṣẹ́ kì í sì fi í da kọnkéré nítorí iyọ̀ rẹ̀ ń jẹ irin. Kevin Burke, onímọ̀ nípa ilẹ̀, kọ ọ́ lọ́dún 1972 pé ọ̀gbun abẹ́ òkun ni ó ń bọ́ sí nígbẹ̀yìn, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Avon. Àlejò tó ń kọjá lọ ni. Èyí tó wọ ọ̀sà tó jókòó ni onílé.

Orí yanrìn onílé náà ni Àrómirẹ́, olóyè Èkó àtijọ́, gbin ata sí, tí wọ́n fi ń pe ibẹ̀, níbi tí ààfin Ọba Èkó wà, ní Ìdúngánrán, ìyẹn oko ata. Àwọn kan ní láti inú “oko” ni Èkó ti wá, àwọn ará Bìní ní ibùdó ogun ni. Àwọn Pọtogí tó dé lọ́dún 1472 kò rí ju omi lọ, wọ́n fi ọ̀sà sọ ìlú lórúkọ. Òkìtì yanrìn tó dí ẹnu ọ̀nà òkun ni kò jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá wọlé. Òun ni “bar” tó wà nínú Bar Beach, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ rò pé ilé ọtí ni. Láàárín 1908 sí 1912, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òkúta mọ ògiri wọ inú òkun láti lé e. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti fi rélùwéè kó òkúta náà wá: ìyá ni wọ́n gbé wá láti dí ọmọ lọ́nà. Yanrìn jọ sí apá ìwọ̀-oòrùn, ní ìhà ilé iná, apá ìlà-oòrùn sì ń jẹ. Àgbàrá kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Odidi ọgọ́rùn-ún ọdún ni Bar Beach fi ń fà sẹ́yìn.

Ìyókù kò pẹ́. Wọ́n sé odò Ọ̀yán lọ́dún 1983, ara yanrìn tó yẹ kó bá Ògùn sọ̀ kalẹ̀ sì ń dúró sẹ́yìn ògiri rẹ̀. Wọ́n ń fi ẹ̀rọ fa ti inú ọ̀sà lọ́sàn-án lóru. Lọ́dún 2022, àwọn onímọ̀ méjì, Leonard Ohenhen àti Manoochehr Shirzaei, fi rédà orí sátẹ́láìtì wọn ilẹ̀ Èkó, wọ́n rí i pé ó ń rì láti mìlímítà 2 lọ́dún títí dé 87, ó yàtọ̀ láti àdúgbò sí àdúgbò. Níbi tí Bar Beach ti ń fà sẹ́yìn, ìlú tuntun tí wọ́n ń pè ní Eko Atlantic ló wà níbẹ̀ báyìí. Ìsàlẹ̀ òkun ni wọ́n ti fa yanrìn tí wọ́n fi dí i, lórí ilẹ̀ tí odò Ògùn ń gbà kọjá nígbà òtútù, èmi kò sì rò pé ẹlòmíràn ló kó o síbẹ̀.