Gbèsè Tí Kì Í Tán Lórí Ọrùn Gìtá

Ẹni tó bá fẹ́ kan gìtá oníná fún ìgbà àkọ́kọ́ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ara gìtá náà: irú igi wo ni yóò lò, báwo ni ìwo rẹ̀, ṣóńṣó tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn, yóò ṣe rí, ọ̀dà aláwọ̀ wo ni yóò bá a mu? Ìbéèrè wọ̀nyí dùn ún rò, àmọ́ gìtá kò sí níbẹ̀. Igi gígé, sáńpépà fífà, ọ̀dà kíkùn, iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ni gbogbo wọn, ẹni tó ti kan àga rí á tètè mọ̀ ọ́n. Ìlà kan ṣoṣo ló ń sọ pákó di gìtá. Ìlà náà bẹ̀rẹ̀ láti nut, egungun kékeré tí okùn ń gbà kọjá níbi tí orí gìtá ti pàdé ọrùn, ó sì parí sí bridge, irin tí okùn fẹ̀yìn tì lára gìtá. Lórí Stratocaster, gìtá oníná tí ilé iṣẹ́ Fender gbé jáde lọ́dún 1954, gígùn ìlà yìí jẹ́ mìlímítà 648. Ti Gibson, ilé iṣẹ́ gìtá mìíràn, kúrú díẹ̀ sí i, ó wà ní nǹkan bíi 628. Ìlà yìí ló yẹ kí a kọ́kọ́ fà sórí ìwé, ní gígùn rẹ̀ gan-an, kí a tó ronú kan ìwo kankan.

Ọ̀rọ̀ igi yẹn yẹ ká yanjú ẹ̀ kíá, torí ó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Wọ́n ní inú igi ni ohùn wà. Fún gìtá tó ní ihò láyà, bẹ́ẹ̀ ló rí: pákó tẹ́ẹ́rẹ́ ojú rẹ̀ ló ń ti afẹ́fẹ́ títí ohùn yóò fi dé etí. Ti gìtá oníná yàtọ̀. Irin ni okùn rẹ̀, pickup sì wà lábẹ́ okùn náà: òòfà ni, pẹ̀lú wáyà bàbà tó tín-ín-rín bí irun orí, tí wọ́n wé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Òòfà náà ń sọ okùn irin di òòfà díẹ̀, bí okùn bá sì ti ń mì, iná kékeré ń dìde nínú wáyà bàbà. Ohun tí Michael Faraday ṣàwárí ní 1831 náà nìyẹn. Iná yẹn ló ń lọ sínú ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè. Bí a bá fi okùn ọ̀rá rọ́pò okùn irin lórí gìtá kan náà, pickup kò ní í gbọ́ nǹkan kan, bó ti wù kí igi náà wọ́n tó. Ọ̀kan lára àwọn gìtá oníná àkọ́kọ́ tó dé ọjà, èyí tí George Beauchamp ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, álúmíníọ̀mù ni wọ́n yọ́ ṣe é látòkè délẹ̀. Ohun tí à ń wá lára igi ni pé kó gbẹ dáadáa, kó má sì tẹ̀, torí agbára tí okùn mẹ́fà fi ń fa ọrùn gìtá ju ìwúwo kílò 40 lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ri ọ̀pá irin mọ́ inú ọrùn, tí a lè máa fún tàbí kí a máa tú.

Ó di orí ọrùn wàyí. Àwọn irin wẹ́wẹ́ tí a tò síbẹ̀, tí à ń pè ní fret, ni iṣẹ́ tó gbẹgẹ́ jù. Ẹni tó bá wò wọ́n dáadáa á rí i pé àlàfo àárín wọn kò dọ́gba. Àwọn tó wà nítòsí orí gìtá jìnnà síra, bí a bá sì ti ń sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀nà bridge ni wọ́n ń fún mọ́ra. Etí ló fà á. Okùn A ń mì ní ìgbà 110 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní ìdajì gígùn rẹ̀, ó di 220, etí á sì gbọ́ ohùn kan náà tó ti gòkè: láti dò dé dò kejì. Ìṣísẹ̀ 12 ló wà láàárín dò méjèèjì, etí sì fẹ́ kí gbogbo wọn jọ ara wọn. Àmọ́ etí kì í fi mìlímítà ka nǹkan. Ohun tó ń béèrè ni pé, nínú okùn tó ṣẹ́ kù, ìdá mélòó ni a tún gé kúrò?

Gbèsè ni ká fi ṣe àpèjúwe rẹ̀: gígùn okùn ni gbèsè, fret kan ni oṣù kan, àlàfo tó ṣáájú fret náà ni owó tí a san. Ká ní ẹnì kan jẹ gbèsè 648, olówó rẹ̀ sì sọ fún un pé, “Lóṣooṣù, pín ohun tó bá ṣẹ́ kù sí ọ̀nà 17.817, kí o san ìpín kan.” Lóṣù kìíní, á san 36.37. Lóṣù kejì, gbèsè ti dín kù, 34.33 ló máa san. Lóṣù kẹta, 32.40. Nígbà tó bá fi máa san 19.27 lóṣù kejìlá, 324 ló máa ṣẹ́ kù, ìdajì géérégé. Lóṣù kẹtàlá, 18.18 ni ìpín rẹ̀, ìdajì ohun tó san lóṣù kìíní, eré náà sì tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ní ìwọ̀n ìdajì. Lóṣù kẹrìnlélógún, 9.63 péré ló san, 162 ṣì wà nílẹ̀. Bó bá ń san án títí ayé, gbèsè náà kò ní í tán, á kàn máa kéré sí i. Ká wá ní olówó mìíràn ni, tó ní kó máa san 36.37 lóṣooṣù láìyẹ̀. Gbèsè á tán kí oṣù kejìdínlógún tó parí. Lórí gìtá, ìyẹn túmọ̀ sí pé fret á ti dé orí bridge, kò ní í sí okùn kankan mọ́ tí ẹnikẹ́ni lè ta. Olówó àkọ́kọ́ ni etí, ohun tó ṣẹ́ kù nìkan ló ń wò.

Nọ́ńbà 17.817 yìí ní ìtàn. Àwọn tó ń kan ohun èlò olókùn láyé àtijọ́ ń lo 18, torí pé ó rọrùn. Vincenzo Galilei, bàbá Galileo tó ń wo ìràwọ̀, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1581. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní Ṣáínà, ọmọ ọba kan tó ń jẹ́ Zhu Zaiyu ti ṣírò nọ́ńbà tó pé pérépéré: èyí tí a bá sọ ọ́ di púpọ̀ nípa ara rẹ̀ ní ọ̀nà 12, tó máa di 2. Ibẹ̀ ni 17.817 ti wá. Ìyàtọ̀ àárín 18 àti 17.817 dà bíi pé kò tó nǹkan, àmọ́ lórí okùn 648, fret kejìlá á fi mìlímítà tó lé ní 2 ṣáko kúrò ní ìdajì.

Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn olùbẹ̀rẹ̀ ń fi rúlà ṣe, ó sì máa ń dunni láti rí i lára iṣẹ́ tí ẹnì kan fi ọ̀pọ̀ oṣù ṣe. Wọ́n á wọn fret kìíní láti nut, wọ́n á wọn èkejì láti ibi ìkíní, ẹ̀kẹta láti ibi èkejì. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bí pẹ́ńsù bá fi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá mìlímítà kan ṣìnà lẹ́ẹ̀kan, tó sì ń ṣìnà sí ọ̀nà kan náà ní gbogbo ìgbà, ó ti di 3.6 nígbà tó bá dé ẹ̀kejìlá, ìyẹn tó ìdá kan nínú márùn-ún ìṣísẹ̀ kan. Orí nut ni ká ti wọn gbogbo rẹ̀, láìgbé rúlà kúrò: 36.37, lẹ́yìn náà 70.70, lẹ́yìn náà 103.10, títí lọ. Ẹni tó bá ra pákó ọrùn tí ẹ̀rọ ti la ojú fret sí kò jí ẹ̀kọ́ kankan gbé. Ó kàn ní ìgboyà láti fi ibi tó ṣòro jù sílẹ̀ fún gìtá kejì ni.

Bí gbogbo fret bá wá pé pérépéré, ṣé ohùn gìtá á mọ́ gaara? Kò ní í mọ́ tán. Ká pín ìṣísẹ̀ kan sí ọgọ́rùn-ún: mí tí fret ń fúnni fi nǹkan bíi 14 ga ju mí tí etí ìbá fẹ́ gbọ́ pẹ̀lú dò lọ. Ọgbọ́n ètò yìí wà nínú pé ó pín àṣìṣe náà káàkiri, kò dì í lé ibì kan lórí, èyí ló jẹ́ ká lè kọrin láti orí ohùn èyíkéyìí láìtún gìtá kàn. Ẹni tó bá ń yí èèkàn okùn sọ́tùn-ún sósì lójoojúmọ́ láti wá mí tó mọ́ gaara, gìtá kọ́ ló bà jẹ́.

Bridge ló kù, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù wà. Ìṣirò sọ pé 324 láti nut dé fret kejìlá, 324 láti ibẹ̀ dé bridge. Olùbẹ̀rẹ̀ á wọn ọ́n, á lu ihò síbẹ̀ gan-an, á de bridge mọ́lẹ̀. Gbogbo ohùn tó bá tẹ̀ á wá ga jù, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá èèkàn lẹ́bi. Ohun tí ìṣirò kò mọ̀ ni ìka. Kí okùn tó lè kan fret, ìka ní láti tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, títẹ̀ náà sì ń fà á le. Okùn tó le sí i, ohùn rẹ̀ á ga sí i. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí a fi gígùn díẹ̀ kún okùn lẹ́yìn. Okùn tín-ín-rín jù lè fẹ́ mìlímítà kan tàbí méjì, èyí tó nípọn jù lè fẹ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé òun ló gan jù. Ẹ wo bridge gìtá oníná èyíkéyìí dáadáa: àwọn ìjókòó kéékèèké tí okùn gùn, tí wọ́n ń pè ní saddle, kì í tò sórí ìlà kan, wọ́n ń yọ síwá, wọ́n ń yọ sẹ́yìn. Síkúrú tó wà nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a fi ń tì í.

Nítorí náà, kí a tó lu ihò, ká ti saddle okùn tín-ín-rín jù síwájú títí tó fi kù díẹ̀ kó dé òpin ọ̀nà rẹ̀, ká wá gbé e sórí 648 gan-an. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, gbogbo saddle ní àyè láti padà sẹ́yìn, ẹ̀yìn sì ni wọ́n máa lọ. Nígbà tí okùn bá ti wà lórí rẹ̀, ká fi ìka kàn án fẹ́rẹ́ lókè fret kejìlá láìtẹ̀ ẹ́, ká ta á, lẹ́yìn náà ká tẹ̀ ẹ́ mọ́ fret náà, ká tún ta á. Bí èyí tí a tẹ̀ bá ga ju èkejì lọ, saddle á padà sẹ́yìn. Bó bá rẹlẹ̀, á wá síwájú.

Ohun kan ṣì wà tí rúlà kò lè sọ, òwú ló mọ̀ ọ́n. Ká na òwú méjì láti nut dé bridge níbi tí okùn àkọ́kọ́ àti okùn kẹfà yóò gbà, ká sì wò ó bóyá àyè tó wà láàárín òwú àti etí ọrùn dọ́gba lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Bí wọn kò bá dọ́gba, ká sún bridge títí wọ́n á fi dọ́gba. Ìgbà yẹn ni ká tó mú ẹ̀rọ tí ń lu ihò dání.