Jíìpù Tòkunbọ̀ Olówó Ńlá fún Ọ̀nà Gbágungbàgun: Abẹ́ Rẹ̀ ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Bí oníbàárà bá ní kí n bá òun yẹ jíìpù wò kí òun tó sanwó, ọ̀nà tí jíìpù náà yóò máa gbà ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ọ̀pọ̀ á ní, "Ọ̀nà oko ni, ọ̀nà tí kò dáa." Ìyẹn kò tíì tó. Ọ̀nà Òkè-Ògùn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òkúta àti ilẹ̀ pupa gbígbẹ tó ń gbọn ọkọ̀ jìgìjìgì ni. Ọ̀nà oko kòkó lápá Ìdànrè nígbà òjò, amọ̀ tó ń yọ̀ lórí òkè ni. Ẹni tó ń lọ wo ilẹ̀ rẹ̀ ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, iyanrìn àti omi ni tirẹ̀. Ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ń pa ọkọ̀ yàtọ̀ síra.

Lexus RX 330 àti 350 kún ìgboro, ọkọ̀ tó dáa ni wọ́n, n kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ kan náà ni RX àti Camry jọ ní. Kò ní ṣáásì tó dá dúró, bọ́dì rẹ̀ náà ni ṣáásì rẹ̀, kò sì ní gíà kékeré. Àwọn kan wà nínú wọn tó jẹ́ pé táyà iwájú nìkan ló ń fà wọ́n. Bí ọ̀nà yín bá jẹ́ kòtò àti gegele lásán, yóò rìn ín. Bí ẹ bá gbé e wọ amọ̀ Ìdànrè, yóò kàn máa yí táyà lójú kan ni, ẹ ó sì máa wá àwọn ọ̀dọ́ abúlé tí yóò tì yín.

Fún irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ṣáásì onírin gbọọrọ méjì tó dá dúró lábẹ́ bọ́dì ni mo máa ń wá, pẹ̀lú gíà kékeré tí wọ́n kọ L tàbí 4L sí. Bí ẹ bá ti ọkọ̀ sí L, eré rẹ̀ á já wálẹ̀, agbára tó ń dé táyà á sì pọ̀ sí i, ẹ ó lè gun òkè láì sáré rárá. Bí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀, ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ ni yóò máa di ọkọ̀ mú, bírèkì kò ní gbóná, táyà kò sì ní tètè yọ̀. Land Cruiser ní i, Prado ní i, Lexus GX àti LX ní i, Mercedes G náà ní i. BMW X5 kò ní i, Audi Q7 kò ní i. Mercedes ML àkọ́kọ́, tí wọ́n ṣe títí di 2005, ní ṣáásì àti gíà kékeré. Èyí tó tẹ̀ lé e kò ní ṣáásì mọ́, àfi ẹni tó bá sanwó lé e nígbà tó jẹ́ tuntun ló sì rí gíà kékeré gbà. Porsche Cayenne pàápàá, tí ọ̀pọ̀ ń wò bí ọkọ̀ ìgbéraga, ní gíà kékeré láti 2002 títí di 2010, kí wọ́n tó yọ ọ́.

Nínú gbogbo wọn, Lexus GX 470 ni mo sábà máa ń tọ́ka sí fún ẹni tí owó rẹ̀ níwọ̀n. Àwọn tó jẹ́ ti ọdún 2003 sí 2009 ni. Orí ṣáásì Prado 120 ló jókòó lé, ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè rí ọ̀pọ̀ ohun èlò abẹ́ rẹ̀ rà ní Ládípọ̀ l'Ékòó àti ní Gate n'Ìbàdàn láìdúró de ọkọ̀ ojú omi. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo, ó sì ní ohun tó ń ti dífù àárín (ohun tó ń pín agbára fún táyà iwájú àti tẹ̀yìn) pa, kí agbára má baà sá lọ sọ́dọ̀ táyà tó ń yọ̀ nìkan. Ẹ́ńjìnì rẹ̀, V8 (sílíńdà mẹ́jọ tí wọ́n tò bíi lẹ́tà V) lítà 4.7, kì í tètè kú. Bẹ́ẹ̀tì ló ní nínú tó ń mú kí fáàfù àti písítìn máa bá ara wọn rìn, kì í ṣe ṣéènì, ó sì yẹ kí a máa pààrọ̀ bẹ́ẹ̀tì náà ní máìlì 90,000, èyí tó tó kìlómítà 145,000. Bí ó bá já lórí ìrìn, fáàfù lè kan písítìn, ẹ́ńjìnì sì ti lọ nìyẹn. Ẹni tó ń tà á lè sọ pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Bí kò bá sí ìwé, ẹ kà á sí pé wọn kò pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì yọ owó rẹ̀ nínú iye tí ẹ fẹ́ san. Dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ náà máa ń sán nínú oòrùn. Ìyẹn kò pa ẹnikẹ́ni.

Epo ńkọ́? Ó ń mu ún. Lítà kan kì í sábà gbé e ju kìlómítà mẹ́fà tàbí díẹ̀ lé lọ, àti pé inú amọ̀ kò ní tó bẹ́ẹ̀. Láti May 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, GX tí wọ́n gbé pamọ́ sínú ọgbà kì í ṣe ohun tuntun lójú mi mọ́. Ẹ ṣírò epo kí ẹ tó ṣírò iye ọkọ̀. Epo tí Prado oní lítà 2.7 ń mu dín díẹ̀ sí ti GX, ṣùgbọ́n bí ẹrù bá kún inú rẹ̀, mímí ni yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ lórí òkè.

GX 460, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2010, ní ṣéènì dípò bẹ́ẹ̀tì. Ohun tí ẹ ó wò níbẹ̀ ni àárín orí ẹ́ńjìnì, níbi tí apá méjèèjì V náà ti pàdé. Omi rédíétọ̀ máa ń jò níbẹ̀, tó bá gbẹ á fi èèpá aláwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì pọ̀. Ewu rẹ̀ kejì jẹ́ ti ọwọ́ ènìyàn: ọkọ̀ 2011 tí wọ́n ti gbé ojú 2021 wọ̀, iná tuntun, bọ́ńpà tuntun, tí wọ́n wá ń tà á bí ẹni pé òun náà jẹ́ ọmọ àná. Kò burú kí wọ́n pààrọ̀ ojú ọkọ̀, bí wọ́n bá sọ òtítọ́ ọdún rẹ̀. Ẹ wo VIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún ni. Ẹ ka èyí tó wà ní ipò kẹwàá: 3 dúró fún 2003, ó ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí dé 9 fún 2009, A ni 2010, B ni 2011. Èyí tó wà lẹ́yìn gíláàsì iwájú gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà lára ṣáásì mu.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti Range Rover, torí inú á bí àwọn kan bí n kò bá dárúkọ rẹ̀. Lórí òkè àti nínú omi, Range Rover àti Discovery 3 lè ṣe ohun tí GX kò ní lè ṣe láìjanpata. Ọ̀nà kọ́ ló ń pa wọ́n níbí. Àpò rọ́bà tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí ni wọ́n fi rọ́pò sípíríǹgì. Bí rọ́bà bá ti ń sán, atẹ́gùn á máa yọ́ jáde, kọ̀mpírẹ́sọ̀ tó ń fẹ́ ẹ á sì máa ṣiṣẹ́ láìsinmi títí yóò fi jóná. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ á jókòó sílẹ̀ pẹlẹbẹ, bóyá ní inú igbó tí ẹnikẹ́ni kò ní kọ̀ǹpútà tí yóò fi bá a sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ dandan, ẹ ní kí wọ́n páàkì rẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ wá wò ó ní kùtù òwúrọ̀ kí wọ́n tó ṣí i. Bí igun kan bá ti wálẹ̀ ju ìyókù lọ, ẹ ti mọ ohun tó ń dúró dè yín. GX 470 náà ní àpò atẹ́gùn yìí lẹ́yìn, ṣùgbọ́n àwọn mẹkáníìkì wa mọ bí wọ́n ṣe ń fi sípíríǹgì rọ́pò rẹ̀.

Ibi tí jíìpù ti wá ní Amẹ́ríkà ṣe pàtàkì ju bí inú rẹ̀ ṣe mọ́ lọ. Ní àríwá, ní Michigan, Ohio, New York, títí wọ Kánádà, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú ọ̀nà nígbà yìnyín, iyọ̀ yẹn sì ń jẹ ṣáásì. Ẹ̀yin á ní kí a lọ mú ti gúúsù nígbà náà. Ṣùgbọ́n gúúsù ni ìjì ńlá ti ń bọ́ ọkọ̀ sínú omi: Harvey ní Texas ní 2017, Ian ní Florida ní 2022. Nítorí náà, ohun méjì ni mo máa ń wá. Fún ìpẹtà, mo máa ń wọ abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú òòlù kékeré, pàápàá lókè táyà ẹ̀yìn àti níbi tí wọ́n so apá sípíríǹgì mọ́ ṣáásì. Irin tó dáa á dún gbaragada, èyí tó ti jẹrà á dún bòù. Ọ̀dà dúdú tuntun lábẹ́ ọkọ̀ ọdún 2006 kì í dùn mọ́ mi nínú. Fún omi, ẹ fa ìgbànú ìjókòó jáde tán pátápátá, ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ bóyá ẹrẹ̀ fi ààlà sí i. Ẹ wo irin tí ìjókòó ń sún lórí rẹ̀. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fi imú sí i. Kí ẹ sì fi VIN gba ìtàn ọkọ̀ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó wá, owó rẹ̀ kò tó nǹkan.

Nígbà ìdánwò, ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó ṣí ọkọ̀. Bí ó bá ti gbóná, wọ́n ti ṣí i ṣáájú yín, èéfín àárọ̀ rẹ̀ ni wọn kò fẹ́ kí ẹ rí. Lẹ́yìn náà ẹ wá ilẹ̀ tí kò ní ọ̀dà, ẹ dá ọkọ̀ dúró, gíà ńlá sí N, kí ẹ ti gíà kékeré sí L. Ọ̀pọ̀ jíìpù tó ń bọ̀ láti òkè òkun kò wọ L láti ọdún pípẹ́, ohun tó ń yí i á ti gan. Oníṣòwò á ní kò léwu, pé ẹ kò ní lò ó. Ṣé torí rẹ̀ kọ́ ni ẹ ṣe ń ra á ni?

Táyà ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ràn jù. Rímù ìnṣì 22 dára níbi ìyàwó gbígbé. Táyà tí wọ́n kọ 275/40R22 sí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ju mílímítà 110 lọ. 265/65R17, tó bá GX 470 wá láti ilé iṣẹ́, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ju 170 lọ. Ẹ̀gbẹ́ yẹn ni ó ń gba òkúta mọ́ra kí ó tó dé rímù. Lórí iyanrìn, ẹ lè jò atẹ́gùn rẹ̀ sí nǹkan bíi 20 psi (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn atẹ́gùn táyà) kí ó lè tẹ́ sílẹ̀, kí ẹ sì fẹ́ ẹ padà kí ẹ tó bọ́ sí ọ̀dà. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú àmì DOT tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táyà ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é: 1819 jẹ́ ọ̀sẹ̀ kejìdínlógún ọdún 2019. Táyà tòkunbọ̀ lórí jíìpù tòkunbọ̀, ẹ yọ ọ́ dànù.

Bí ẹ bá ti rà á, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ ọ́ìlì gbogbo: ẹ́ńjìnì, gíà ńlá, gíà kékeré, dífù iwájú àti tẹ̀yìn. Bí ọ́ìlì dífù bá funfun, omi ti wọ̀ ọ́. Kí ẹ sì mọ ibi tí wọn yóò ti so okùn mọ́ ọ bí ó bá rì. Irin róbótó tín-ínrín tó wà lábẹ́ àwọn kan, èyí tí wọ́n fi so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi ni, kì í ṣe fún fífà. Bí wọ́n bá fi fà yín, ó lè já, kí ó sì fò lu ẹni tó dúró nítòsí. Húùkù tí wọ́n fi bóòtù ńlá dè mọ́ ṣáásì ni kí ẹ so okùn mọ́. Bí kò bá sí, ẹ ní kí wọ́n fi sí i kí ẹ tó wọ oko.