Ṣé àánú ọmọdé tó láti sọ èèyàn di nọ́ọ̀sì? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, tí í ṣe àyájọ́ àwọn nọ́ọ̀sì lágbàáyé, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìròyìn kan jáde pé iye nọ́ọ̀sì tí ó wà láyé gòkè láti mílíọ̀nù 27.9 ní ọdún 2018 sí mílíọ̀nù 29.8 ní ọdún 2023, síbẹ̀ tí ayé ṣì nílò nǹkan bí mílíọ̀nù 5.8 sí i. Ìròyìn náà rú ọ̀pọ̀ òǹkàwé lójú. Bí ó bá jẹ́ pé ibi gbogbo ni a ti ń rí ọmọ kékeré tí ń fọwọ́ pa ẹni tí ara rẹ̀ kò yá lórí, níbo ni àwọn aláàánú wọ̀nyí ń gbà lọ kí wọ́n tó dàgbà? A dáhùn àwọn ìbéèrè tí ó jẹ yọ lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ṣé wọ́n ń bí nọ́ọ̀sì mọ́ èèyàn ni?

Rárá o. Àánú ni wọ́n lè bí mọ́ni; iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, kíkọ́ ni wọ́n ń kọ́ ọ.

Láti ìgbà wo ni àánú ti ń hàn lára ọmọ?

Ó yá ju bí ọ̀pọ̀ òbí ṣe rò lọ. Ọmọ tuntun tí ó gbọ́ igbe ọmọ mìíràn sábà máa ń bá a ké, ṣùgbọ́n èyí kò tíì di àánú, nítorí kò tíì mọ̀ pé ìrora náà kì í ṣe tirẹ̀. Nígbà tí ó bá wọ ọdún kejì ni yóò máa gbé ohun ìṣeré rẹ̀ fún ẹni tí ń sunkún, tàbí kí ó sáré lọ fa ìyá rẹ̀ wá. Ní ọdún 2006, Felix Warneken àti Michael Tomasello tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde láti Jámánì, nínú èyí tí àwọn ọmọ oṣù 18 ti ń wo àgbàlagbà kan tí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò sì lè nà án mú. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà ni ó dìde lọ mú un fún un láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ wọ́n. Ní ọdún méjì lẹ́yìn náà, àwọn méjèèjì tún rí i pé àwọn ọmọ oṣù 20 tí a ń fún ní ẹ̀bùn ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣe ìrànwọ́ kì í fẹ́ ṣe é tó bẹ́ẹ̀ mọ́ bí ẹ̀bùn bá dáwọ́ dúró, nígbà tí àwọn tí a kò fún ní ohunkóhun ń bá tiwọn lọ. Kí òbí tí ń fi ohun dídùn san owó àánú fún ọmọ rẹ̀ rò ó wò.

Kí ni ó wà láàárín àánú ọmọdé àti iṣẹ́ nọ́ọ̀sì?

Àkíyèsí ni mo kọ́kọ́ fẹ́ dárúkọ, nítorí òun ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Ọmọ méjì lè jókòó ti aláìsàn kan: èkíní yóò bá a sunkún, èkejì yóò rí i pé ìgbà tí wọ́n bá yí i sí ẹ̀gbẹ́ òsì nìkan ni ó ń ké. Aláàánú ni àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n èkejì ti ń ṣe ohun tí nọ́ọ̀sì ń ṣe.

Ẹ wo Clara Barton, tí a bí ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1821. Nǹkan bí ọmọ ọdún 11 ni nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, David, já bọ́ láti orí òrùlé àká, tí ó sì dùbúlẹ̀ àìsàn fún nǹkan bí ọdún méjì. Clara ni ó ń tọ́jú rẹ̀: ó ń fún un ní oògùn lásìkò, ó sì ń fi eṣúṣú lé e lára kí ó lè fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bí àwọn dókítà ìgbà náà ti pa á láṣẹ. David yè é, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ láìka eṣúṣú sí. Nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1861, ọmọ tí ó ti jókòó ti ibùsùn yìí gbé oúnjẹ àti aṣọ tí a fi ń di ọgbẹ́ lọ bá àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́, òun náà ni ó sì dá ẹ̀ka Red Cross ti Amẹ́ríkà sílẹ̀ ní ọdún 1881.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì mí gbọ́, Barton kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kankan, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe àwíjàre fún ẹni tí kò fẹ́ kàwé lónìí. Ní ọdún 1860 ni Florence Nightingale, nọ́ọ̀sì ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tirẹ̀ sílẹ̀ ní ilé-ìwòsàn St Thomas ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìyá àti ẹ̀gbọ́n Nightingale kò fẹ́ kí ó ṣe iṣẹ́ náà rárá, síbẹ̀ ní ọdún 1854 ó lọ tọ́jú àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń jà ní Kìrìmíà, ó sì rí i pé àìsàn ń pa wọ́n ju ọgbẹ́ lọ. Àánú ni ó gbé e débẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó padà sílé, iye òkú tí ó ti kà tí ó sì fi yàwòrán ni ó fi bá àwọn aláṣẹ jà títí wọ́n fi gbọ́.

Ṣé ìṣirò wá ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀?

Bí àmì dẹ́símà bá yẹ̀ ní ipò kan ṣoṣo, mílígíráàmù 0.5 ti di 5, oògùn ti di ìlọ́po mẹ́wàá. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣe pàtàkì.

Ọmọ mi máa ń dákú bí ó bá rí ẹ̀jẹ̀. Ṣé ọ̀nà ti dí nìyẹn?

Kò dí. Dídákú yìí kì í ṣe ojo, kì í sì í ṣe àmì pé ọmọ náà kò ní àánú. Nínú ara àwọn kan, rírí ẹ̀jẹ̀ a máa mú kí lílù ọkàn falẹ̀, kí agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ṣàn lọ sílẹ̀ lójijì, kí ẹ̀jẹ̀ tí ń lọ sí ọpọlọ má sì tó. Ọ̀nà kan wà tí a fi ń kọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀: bí ó bá ti mọ̀ ọ́n lára pé òòyì fẹ́ kọ́ òun, kí ó fún iṣan apá, ẹsẹ̀ àti ikùn rẹ̀ pọ̀ pinpin fún bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ó dẹ̀ wọ́n, kí ó sì tún un ṣe. Èyí ń gbé agbára ẹ̀jẹ̀ sókè. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ń dákú láìsí ẹ̀jẹ̀ tàbí abẹ́rẹ́ nítòsí, dókítà ni kí ẹ mú un lọ bá, kì í ṣe olùgbaninímọ̀ràn lórí iṣẹ́.

Ṣé iṣẹ́ obìnrin kọ́ ni?

Obìnrin ni nǹkan bí 85 nínú ọgọ́rùn-ún nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n a kò tíì rí ọgbẹ́ tí ń bèèrè bóyá ọkùnrin ni ó ń di òun.

Ẹ̀kọ́ wo ni yóò kọ́, yóò sì ti pẹ́ tó?

Ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, kí ó fọwọ́ mú ẹ̀kọ́ nípa ohun alààyè, kẹ́mísírì àti ìṣirò. Lẹ́yìn náà, ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sábà máa ń gbà, ìdánwò ìwé-àṣẹ sì ń tẹ̀ lé e ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Àpẹẹrẹ kan ni ti àpapọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, tí òfin wọn béèrè fún ó kéré tán ọdún mẹ́ta àti wákàtí 4,600, nínú kíláàsì àti lẹ́bàá ibùsùn aláìsàn.

Kí ni òbí lè ṣe nísinsìnyí?

Ẹ jẹ́ kí ó ṣe iṣẹ́ tí ó mọ níwọ̀n: kí ó gbé omi wá, kí ó ka wákàtí oògùn sí yín létí, kí ó fọ ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó súnmọ́ aláìsàn àti lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ tàbí abẹ́rẹ́. Dípò kí ẹ máa yìn ín pé ọkàn rẹ̀ rọ̀, ẹ bi í ní ohun tí ó rí. Bí ó bá dàgbà díẹ̀, kí ó kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì, kí ó sì bá nọ́ọ̀sì gidi sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ alẹ́, nítorí aṣọ funfun nìkan ni àwọn ọmọdé sábà máa ń rí.

Ṣé ó yẹ kí a bẹ̀rù pé àánú yóò pa ọmọ náà lára?

Ó yẹ kí ẹ ṣọ́ra. Ọmọ tí ó ń tọ́jú òbí aláìsàn lójoojúmọ́, tí kò rí àyè ṣeré tàbí kàwé, kò sí lẹ́nu ìmúrasílẹ̀ fún iṣẹ́ kankan. Ẹrù àgbà ni a gbé rù ú, a sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kalẹ̀ fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tí kì í lè sùn nítorí ìrora ẹlòmíràn nílò ẹni tí yóò tù ú nínú kí ó tó nílò ìyìn.

Ìwádìí tí Olga Klimecki àti Tania Singer ṣe yọ ìyàtọ̀ kan jáde: ẹni tí a kọ́ láti máa jẹ ìrora pẹ̀lú oníròra a máa banú jẹ́ sí i, ṣùgbọ́n ẹni tí a kọ́ láti máa fẹ́ ire fún un, kí ó sì wá ọ̀nà láti ràn án lọ́wọ́, a máa rí okun gbà. Ìyàtọ̀ yìí ni ilé-ẹ̀kọ́ tí ó dára ń kọ́ni. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀kọ́ tí ó lè gba nọ́ọ̀sì tí a fi ẹni ogún lé lọ́wọ́ lóru kan ṣoṣo, èyí sì jẹ́ ara ìdáhùn sí ohun tí ó rú àwọn òǹkàwé lójú. Àwọn aláàánú kò tán: àárẹ̀ ń lé àwọn kan kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ìròyìn kan náà sì sọ pé 78 nínú ọgọ́rùn-ún nọ́ọ̀sì ayé ló wà ní àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ní 49 péré nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn ayé. Ẹ má ṣe tìtorí ìyẹn dí ọmọ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi pamọ́ fún un.

Bí ó bá wá yí ọkàn padà ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí ó yí i padà. Lẹ́yìn tí ara David yá, Clara Barton ṣe tíṣà fún ohun tí ó lé ní ọdún mẹ́wàá, ó sì ṣe akọ̀wé ìjọba. Ó ti súnmọ́ ogójì ọdún nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀.