Bí ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tuntun ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ní Èkó

Ní Èkó, ẹni tó bá fẹ́ dá ìjọ sílẹ̀ kò ní ohun púpọ̀ tó ń dúró dè. Yóò gba ṣọ́ọ̀bù kan, yóò gbé pátákó sí ojú títì, yóò so gbohùngbohùn kọ́, ìjọ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ti Áńgílíkà kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó lè jí lówùúrọ̀ kí ó ní òun ti dá ọ̀kan sílẹ̀, bí ó ti wù kí ó lówó tó, bí ó ti wù kí ó mọ Bíbélì tó. Ọ̀dọ̀ Bíṣọ́ọ̀bù ni àṣẹ ti ń wá, inú ìwé ni ìsìn wà. Iṣẹ́ àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ni pé kí wọ́n máa pésẹ̀, kí wọ́n máa dá owó, kí wọ́n sì gbà pé ohun tí wọ́n ń kọ́ kì í ṣe tiwọn. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló máa ń nira jù.

Bó ṣe sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ni pé ẹnì kan kọ́ ilé sí apá Ìbẹ́jú-Lẹ́kí, nígbà tó jẹ́ pé Ẹ̀bútè Mẹ́ta ni ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ṣèrìbọmi fún un wà. Epo mọ́tò ti wọ́n, àwọn ọmọ kì í tètè jí, kí wọ́n sì tó débẹ̀, ìjọ ti ka Sáàmù tán. Lọ́jọ́ kan, níbi ìpàdé àwọn onílé ní àdúgbò tuntun yìí, ẹni tí wọ́n ní kó gbàdúrà ìparí yóò ṣèèṣì sọ pé, “Olúwa kí ó wà pẹ̀lú yín.” Ẹni méjì tàbí mẹ́ta yóò dáhùn láìronú rárá: “Àti pẹ̀lú ẹ̀mí rẹ.” Wọ́n ti mọ ara wọn nìyẹn.

Ohun tó kàn ni lẹ́tà. Wọ́n á lọ rí Fíkà, àlùfáà tó ń bójú tó ṣọ́ọ̀ṣì tó súnmọ́ wọn jù, kó má baà di pé wọ́n ń jí àgùntàn rẹ̀ kó. Láti ọ̀dọ̀ Fíkà, ọ̀rọ̀ náà yóò dé ọ̀dọ̀ Archdeacon, àlùfáà àgbà tó ń bójú tó ìjọ mélòó kan lábẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù, kó tó dé iwájú Bíṣọ́ọ̀bù. Bíṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ló ní ààlà ilẹ̀ tirẹ̀, tí wọ́n ń pè ní dáyósíìsì. Dáyósíìsì Èkó ti wà láti 1919, ìlú sì ti fẹ̀ débi pé ní 1999 wọ́n yọ Lagos West lára rẹ̀. Ìjọ Àgùdà náà kò yàtọ̀ níbi èyí: ẹsẹ 1215 nínú ìwé òfin wọn sọ pé a kò gbọdọ̀ kọ́ ilé ìjọsìn kankan àfi tí Bíṣọ́ọ̀bù bá fọwọ́ sí i nínú ìwé.

Tí ìyọ̀ǹda bá ti dé, pálọ̀ ẹnì kan ló máa ń di ilé Ọlọ́run. Wọ́n á ti tẹlifíṣọ̀n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á da aṣọ bò ó. Tábìlì oúnjẹ á di pẹpẹ: aṣọ funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa, agbélébùú kékeré, àbẹ́là méjì. Àga oníke ogún tí wọ́n háyà wà nílẹ̀, mẹ́jọ péré lèèyàn jókòó sí. Ẹni tó dá orin yóò gbé e ga jù, nígbà tí wọ́n bá fi dé ẹsẹ kejì, ohùn ti há sí gbogbo wọn lọ́fun.

Àlùfáà kò tíì sí, síbẹ̀ ìsìn ń lọ. Àṣírí rẹ̀ wà nínú Ìwé Àdúrà. Ẹni tí kì í ṣe àlùfáà lè darí Àdúrà Òwúrọ̀ àti ti Àṣálẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, Sáàmù, ẹ̀kọ́ kìíní, orin ìyìn Te Deum, ẹ̀kọ́ kejì, Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́, àwọn kólẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àwọn àdúrà kúkúrú. Kò sí ohun tó ń hùmọ̀ látorí ara rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń kà ní Kàtídírà Marina náà ló ń kà nínú pálọ̀. Àfi ibi tí ó ti gbọ́dọ̀ yà. Ìwé Àdúrà ti 1662 sọ pé àlùfáà nìkan ló ń kéde ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀, lórí ìdúró, nígbà tí ìjọ ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ń darí yóò fo ọ̀rọ̀ náà. Àṣà ni pé yóò fi kólẹ́ẹ̀tì ọjọ́ Ìsinmi kọkànlélógún lẹ́yìn Mẹ́talọ́kan rọ́pò rẹ̀, èyí tó ń tọrọ ìdáríjì àti àlàáfíà, lórí ìkúnlẹ̀ bíi ti àwọn yòókù. Òun kọ́ ló ń dárí jì, ó ń bá wọn bẹ̀bẹ̀ ni. Lópin ìsìn, kì í gbé ọwọ́ sókè súre fún ìjọ. Oore-ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn á jọ sọ. Àlejò kò ní fura. Ẹni tí wọ́n tọ́ dàgbà nínú ìwé náà yóò gbọ́ àlàfo yẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àlàfo yẹn ló sì ń lé wọn padà sọ́dọ̀ Bíṣọ́ọ̀bù láti lọ tọrọ àlùfáà.

Ètò yìí ti pẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní January 1843 ni míṣọ́nnárì Henry Townsend kọ́kọ́ dé Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n ó di 1846 kí òun àti Samuel Àjàyí Crowther tó lọ fìdí kalẹ̀ síbẹ̀. Àwọn Sàró, àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n dá sílẹ̀ lóko ẹrú sí Sierra Leone, tó ti padà sílé ló di ìgbàgbọ́ náà mú ní gbogbo àárín ìgbà yẹn. Crowther fúnra rẹ̀ ti ń túmọ̀ Ìwé Àdúrà sí Yorùbá tipẹ́ kí wọ́n tó fi í jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní 1864.

Lákọ̀ọ́kọ́, àlùfáà lè máa wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù fún Ìdàpọ̀ Mímọ́. Ìwé béèrè pé, ó kéré tán, kí ènìyàn mẹ́ta bá a gbà á, bí ìjọ ti wù kó kéré tó. Wáfà àti wáìnì tí ó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ìyàsímímọ́ kò gbọdọ̀ jáde bẹ́ẹ̀; àlùfáà àti àwọn tó bá pè ni yóò jẹ ẹ́ tán níbẹ̀. Ó máa ń ya àwọn ọmọ onílé lẹ́nu láti rí àlùfáà tó da omi sínú ife, tó ṣàn án, tó sì gbé omi náà mu.

Tí ènìyàn bá ti ń pọ̀, Bíṣọ́ọ̀bù yóò rán katikíìsì, olùkọ́ ìjọ tí kì í ṣe àlùfáà, tàbí àlùfáà tí yóò máa gbé àárín wọn, wọn yóò sì ní wọ́dìn méjì tí yóò máa bójú tó ètò ìjọ, ọ̀kan tí Fíkà yàn, ọ̀kan tí ìjọ yàn. Owó wá dé. Ìjọ gbọ́dọ̀ máa san àsẹ́sìmẹ́ǹtì, owó tí wọ́n bù lé ìjọ kọ̀ọ̀kan, fún dáyósíìsì, yálà òrùlé ń jò tàbí kò jò. Ibẹ̀ ni ìkùnsínú ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹjọ́ wọn kò sì burú: ẹni tó ń ra bíríkì ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún kì í fẹ́ gbọ́ pé owó kan ń lọ síbòmíràn. Ṣùgbọ́n láti inú àpò yẹn ni ọ́fíìsì Bíṣọ́ọ̀bù ti ń rówó rán àlùfáà sí ibi tí ìjọ kò ti lè bọ́ ọ.

Ti ilẹ̀ tún le ju ti owó lọ. Pílọ́ọ̀tì Èkó, ọgọ́ta ẹsẹ̀ bàtà sí ọgọ́fà, kì í tó ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé àlùfáà pọ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti bá ọmọ onílẹ̀ parí, orúkọ àwọn trustee, àwọn tó ń di ohun ìní mú fún ìjọ, tí òfin mọ̀ ló yẹ kó wà lórí ìwé ilẹ̀. Kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ ẹni tó fi ilẹ̀ tọrẹ, bó ti wù kí ó jẹ́ ènìyàn rere tó. Ó lè jẹ́ Baba Ìjọ, ọmọ tó máa jogún rẹ̀ lè má jẹ́ nǹkan kan nínú ìjọ. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà ń dúró: àjọ LASPPPA ló ń fọwọ́ sí àwòrán ilé, àjọ LASEPA tó ń bójú tó àyíká sì ń wọn ariwo, òpin rẹ̀ sì ni désíbẹ́ẹ̀lì 55 lọ́sàn-án àti 45 lóru ní àdúgbò tí ènìyàn ń gbé. Èyí kì í sábà kan ìjọ tó ń kọrin láti inú ìwé, àyàfi tí àwọn ọ̀dọ́ bá ti ra ìlù.

Àṣà àtijọ́ ni pé kí pẹpẹ kọjú sí ìlà-oòrùn. Nínú ẹ́sítéètì tí títì ti pinnu ibi tí gbogbo ilé yóò kọjú sí, ibi tí pẹpẹ bá wà ni wọ́n ń pè ní ìlà-oòrùn, kódà tí oòrùn bá ń wọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ èdè náà kì í kéré. Àwọn àgbà fẹ́ Yorùbá, àwọn ọmọ wọn fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á sì pín in sí ìsìn méjì. Orin Yorùbá tí a fi sínú ohùn òyìnbó máa ń yí àmì ohùn ọ̀rọ̀ padà lẹ́nu akọrin, ìtumọ̀ á sì yí. Ìjà yìí ni Ẹkúndayọ̀ Phillips, tó tẹ ọ́gàànù ní Kàtídírà Marina láti 1914 dé 1962, fi ọ̀pọ̀ ọdún bá jà, tó ń kọ orin tó tẹ̀lé ohùn èdè.

Ilé lè parí kí ìyàsímímọ́ má tíì ṣeé ṣe, nítorí a kì í ya ilé tí gbèsè ṣì wà lórí rẹ̀ sí mímọ́. Ìsìn lè ti máa lọ nínú rẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kí ọjọ́ náà tó dé. Lọ́jọ́ náà, wọ́n á ti ilẹ̀kùn pa. Bíṣọ́ọ̀bù yóò dúró níta nínú oòrùn pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, yóò fi ìdí ọ̀pá kan ilẹ̀kùn. Wọ́n á ka Sáàmù 24: “Ẹ gbé orí yín sókè, ẹ̀yin ẹnu-ọ̀nà.” Àwọn wọ́dìn yóò ṣílẹ̀kùn, wọ́n á sì fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Ẹni tó ni pálọ̀ ọjọ́sí lè wà láàárín èrò, kí ó máa nu ojú.

Láìpẹ́, lẹ́tà yóò dé pé Fíkà ń lọ síbòmíràn. Ìjọ yóò kọ lẹ́tà tiwọn pé kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún wọn, Bíṣọ́ọ̀bù kì í sì í sábà gbà. Wọ́n á sè, wọ́n á ra ẹ̀bùn, wọ́n á kó ẹrù rẹ̀ sínú ọkọ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Tí àlùfáà tuntun kò bá tíì dé ní òwúrọ̀ kejì, katikíìsì ni yóò ka Àdúrà Òwúrọ̀, yóò sì tún fo ibi ìdáríjì.